Lójijì Nìkan Kọ́: Èsì fún Àwọn Tí Ó Ń Pe Yorùbá Ní Tálákà

Ẹjọ́ ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀sùn kan wà tí a ń gbọ́ lemọ́lemọ́ ní kíláàsì ìtumọ̀ èdè, pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó fún àwọn ohun wẹ́wẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì ń fún ní orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ bá sì fẹ́ mú ẹ̀rí wá, ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn púpọ̀ ni "jerk". Wọn a ní, Gẹ̀ẹ́sì ní "jerk", ó ní "jolt", ó ní "twitch", ó ní "lurch", ó ní "yank", ó ní "start", ó ní "dart". Kí ni Yorùbá ní? Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn kí wọ́n tó dá ara wọn lóhùn: Yorùbá ní "lójijì". Fà lójijì, mì lójijì, fò lójijì, dìde lójijì, ó parí.

Èmi kò gbà. Mo ní irọ́ ni, irọ́ náà kì í sì í ṣe irọ́ tí a lè fi ṣeré, nítorí ó ń gba ohun tí ó jẹ́ tiwa lọ́wọ́ wa, ó sì ń ṣe àwọn tí kò wá sí yunifásítì rárá ní jàǹbá.

Kí a tó bi Yorùbá léèrè, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi Gẹ̀ẹ́sì. Kí ni "jerk"? Ní nǹkan bí ọdún 1550, lílu ènìyàn ní pàṣán ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Lẹ́yìn èyí ni ó wá di fífà tàbí títì tí a ṣe ní ẹ̀ẹ̀kan náà. Lónìí, lẹ́nu àwọn tí ń gbé irin wúwo níbi ìdíje, ó jẹ́ títi irin láti àyà lọ sókè orí. Lẹ́nu onímọ̀ físíìsì, ó jẹ́ ìwọ̀n bí àfikún eré ohun tí ń lọ ṣe ń yí padà. Lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, èébú ni fún ẹni tí kò níwà. Lẹ́nu ará Jàmáíkà, ẹran tàbí adìẹ tí a fi ata àti èròjà pa lára kí a tó yan án ni. Ti ẹran yìí kò sì bá ti pàṣán tan rárá, nítorí inú èdè Quechua, èdè àwọn ará òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ó ti jáde, tí èdè Spéènì sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀yin náà rí i pé ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó wọ ẹ̀wù kan náà. Ẹni tí ó bá ní kí Yorùbá mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan wá tí yóò bá gbogbo èyí dọ́gba, kò tíì mọ ohun tí òun ń béèrè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀nà tí Yorùbá ń gbà ṣe iṣẹ́ yìí. Gẹ̀ẹ́sì a máa di ìṣe àti bí ìṣe náà ti rí pọ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Yorùbá a máa pín in fún ọ̀rọ̀ méjì: ọ̀rọ̀-ìṣe kan a sọ ohun tí a ṣe, ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan a sì tẹ̀ lé e láti sọ bí ó ti rí, bí ó ti wúwo tó, àti nígbà mìíràn, ìró tí ó mú wá. Ẹni tí ó ń sùn tí a fọwọ́ kàn tí ó sì jí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, ó ta gìjí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bí nínú tí ó sì gbéra lórí àga, ó dìde fùú. Ẹni tí a pè láti ẹ̀yìn tí ó sì kọjú síni, ó yí bìrí. Ẹni tí ó tẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó yọ̀ tẹ̀rẹ́. Àparò tí ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ọdẹ, ó fò pìrì. Ohun tí ó kọjá kí ojú tó mú un, a rí i fìrí. Ẹran tí a dè mọ́lẹ̀ tí kò fẹ́ kú, ó ń jà ràpàràpà. Ọ̀mùtí a máa ta gbọ́n-ọ́n gbọ́n-ọ́n lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó sì gbọ́ ìròyìn búburú, kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀, síbẹ̀ àyà rẹ̀ já.

Ẹ gbìyànjú kí ẹ fi "lójijì" rọ́pò ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wọn, kí ẹ wo ohun tí yóò ṣẹ́kù. Gbogbo wọn yóò dọ́gba bí ìṣù tí a bó. Ìdí rẹ̀ nìyí, òun gan-an sì ni kókó ẹjọ́ mi: "lójijì" kì í sọ bí ìrìn ara ti rí. Ohun tí ó ń sọ ni pé a kò retí rẹ̀. Òjò lè dé lójijì kí ó sì máa rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí di alẹ́. Àlejò lè dé lójijì kí ó sì máa rìn bọ̀ bí ìgbín. Lódì kejì, ohun kan lè yá kánkán kí a sì ti máa retí rẹ̀ láti àná. Ẹni tí ń gbé irin wúwo níbi ìdíje ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ bí òun yóò ti ti irin náà sókè ní ẹ̀ẹ̀kan; ta ni yóò sọ pé ó tì í lójijì? Nítorí náà, ẹni tí ó fi "lójijì" túmọ̀ "jerk" kò tilẹ̀ ṣe ìtumọ̀ tí kò péye. Ohun mìíràn ni ó túmọ̀.

Ọmọ Ìkòròdú ni mí, Ẹ̀pẹ́ sì ni ilé ìyá mi. Etí ọ̀sà ni ìlú méjèèjì wà, ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ̀ bí èdè wa ṣe ń ya ìṣípòpadà ara sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó lọ sí èbúté, kí ó lọ sí ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, kí ó sì wọ ọkọ̀ èrò láti Ìkòròdú gba Ìtòìkín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Apẹja tí ó ju ìwọ̀ sí ọ̀sà ti jókòó jẹ́ẹ́ láti àárọ̀. Nígbà tí okùn bá gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, ó fà á yọ sókè kíá. Kò sí "lójijì" kankan níbẹ̀ fún apẹja. Ẹja ni ó bá lójijì! Kọ̀ńdọ́ tí ó ń bẹ́ sílẹ̀ kí ọkọ̀ tó dúró, ìgbà ọgbọ̀n ni ó lè bẹ́ bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Ẹ lọ sọ fún un pé lójijì ni ó ń bẹ́, kí ẹ gbọ́ èsì tí yóò fún yín.

Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi pẹ̀lú. Ọkọ̀ lè mì, kí ìgbì máa gbọ̀n ọ́n lórí ìjókòó rẹ̀. Ó lè fì, kí ó lọ sí apá kan kí ó sì padà. Ó lè yẹ̀, kí ó tẹ̀ sí apá kan kí ó má sì fẹ́ padà. Ó sì lè dojú dé, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ohun tí ó yẹ kí èrò ṣe nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ síra. Bí ọkọ̀ bá ń mì, kí olúkúlùkù jókòó jẹ́ẹ́ ni. Bí ó bá ti yẹ̀, tí ẹnì kan sì dìde fùú, òun ni ó lè mú un dojú dé. Bí ènìyàn bá wá kọ ìkìlọ̀ sí ara pátákó pé "bí ọkọ̀ bá mì lójijì, ẹ má ṣe bẹ̀rù," kí ni ó sọ fún èrò? Kò sọ nǹkan kan. Awakọ̀ tí kò kàwé rí yóò sọ ọ́ dáradára jù ú lọ.

Àwọn ará ọjà àti òpópónà kò dúró de ìgbìmọ̀ kankan kí wọ́n tó fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Nígbà tí mọ́tò pọ̀ ní Èkó tí ọ̀nà sì dí, wọ́n mú ọ̀rọ̀-ìṣe méjì, "sún" àti "fà", wọ́n fi ọ̀rọ̀-àpọ́nlé kan náà tẹ̀ lé méjèèjì, ó di súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Gbogbo ilé-iṣẹ́ rédíò tí ń sọ Yorùbá ni ó ń lò ó. Ẹni tí ó bá ti wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú láàárọ̀ ọjọ́ Ajé mọ̀ pé kò sí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ya àwòrán náà tó bẹ́ẹ̀: mọ́tò sún díẹ̀, ó tún fà díẹ̀, ó dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa mú "já" àti "lù", wọ́n fi ṣe "àjálù", ohun tí ó já lu ni láti òkè. Èdè tí ó fi ìṣe kan tí kò ju ìṣẹ́jú akàn lọ ṣẹ̀dá orúkọ fún ìpọ́njú gbogbo ìlú, èdè náà ni a wá ń pè ní tálákà!

Ẹnì kan lè wí pé ọ̀rọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè lásán ni èyí. Rárá o. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ "gìrì" wá. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n nínú "ta gìrì" àti "jí gìrì". Ṣùgbọ́n gbogbo ìyá ọlọ́mọ ni ó mọ̀ pé gìrì tún jẹ́ orúkọ àìsàn: nígbà tí ara ọmọdé bá gbóná gidigidi, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà tí wọ́n ń gbọ̀n, tí ojú rẹ̀ yí sókè. Láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún ni èyí sábà máa ń ṣe ọmọ nígbà tí ibà bá mú un. Mo ti ka ìwé pélébé kan tí wọ́n ní Yorùbá ni wọ́n fi kọ, tí wọ́n ń fi kọ́ àwọn ìyá nípa àìsàn yìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí "gìrì" níbẹ̀. "Ìfàsókè-fàsódò iṣan lójijì" ni mo rí. Ìyá wo ni yóò mọ̀ pé ọmọ òun ni wọ́n ń sọ? Ìmọ̀ràn tí ó sì wà nínú ìwé náà dára: kí a fi ẹ̀gbẹ́ ọmọ lélẹ̀, kí a má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá tí kò mọ̀ pé gìrì ni ìwé náà ń bá wí yóò padà sí ohun tí àwọn kan ń ṣe láti ìgbà pípẹ́: kí wọ́n fún ọmọ ní àgbo ìtọ̀ màlúù mu, tàbí kí wọ́n na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí iná. Ọmọ ti kú nípa báyìí, ọmọ sì ti di aláàbọ̀ ara. Ẹ̀yin tí ó ń sọ pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ kò fẹ́ fi ọwọ́ kàn án nítorí ó ń rùn bí ilé ìdáná lójú yín.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò mi yóò sọ. Èkínní, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ bíi fùú àti gbì kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi, ìró lásán tí ọmọdé fi ń pàlọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ìró lásán, kí ni ó dé tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé "ó ṣubú fùú" tàbí "ó dìde gbì" kí àwọn tí ó gbọ́ ọ má rẹ́rìn-ín? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a tan, ó ní ohùn tirẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ yí padà, ó sì ní àyè tirẹ̀ nínú gbólóhùn. Ohun tí ó ní òfin tó báyìí, gírámà ni. Àwọn onímọ̀ èdè lágbàáyé sì ti mọ èyí tipẹ́. Diedrich Westermann, ará Jámánì tí ó kọ gírámà èdè Ewe, èdè àwọn aládùúgbò wa ní Tógò àti Gánà, to irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 30 jọ sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo tí ó túmọ̀ sí "rìn". Ní ọdún 1935, Clement Doke ní Gúúsù Áfíríkà fún wọn ní orúkọ tí gbogbo yunifásítì ń lò títí di òní, "ideophone". Ní Jàpáànì, àwọn ènìyàn a máa ṣe ìwé atúmọ̀ lọ́tọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú èdè wọn. Àwa nìkan ni ojú ń tì.

Èkejì, wọn yóò ní àwọn ìwé atúmọ̀ kò fún wọn láyè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ̀ jáde ní 1843 kéré, ti T. J. Bowen ti 1858 kò sì tóbi. Èyí tí ìjọ CMS tẹ̀ ní Èkó ní 1913 ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé lò fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n ní 1958, ìwé atúmọ̀ ńlá ti R. C. Abraham jáde, ó sì to irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbólóhùn àpẹẹrẹ. Ní ọdún kan náà ni Atúmọ̀ Èdè Yorùbá ti Isaac Délànọ̀ jáde, níbi tí ó ti fi Yorùbá túmọ̀ Yorùbá. Ilẹ̀kùn ti ṣí láti ìgbà náà. Àwa tí a dé lẹ́yìn ni a kò wọlé.

Ẹ̀kẹta, wọn yóò ní irú ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, a kò sì lè fi ṣe ìdánwò. Èyí gan-an ni ó yẹ kí ó mú wa sáré. Ẹ wo Ẹ̀pẹ́ nìkan. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù December 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ sá lọ, ọdún Káyòkáyò ni wọ́n sì fi ń rántí ìgúnlẹ̀ wọn títí di òní. Láti ìgbà náà ni Èkó-Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ ti ń gbé pọ̀ ní ìlú kan, tí ohùn méjì sì ń pàdé lójú ọ̀sà kan náà, lórí ẹja kan náà. Níbo ni a tún ti fẹ́ rí irú oko báyìí láti kórè? Ẹni tí ó bá rí oko tí ọ̀gbìn rẹ̀ pọ̀ ju ọ̀kan lọ, tí ó sì ní kí a dáná sun ún nítorí a kò lè kà á tán, àgbẹ̀ kọ́ ni.

Ìjọba kò lè gbà wá lọ́wọ́ ìwà yìí. Ní February 2018, gómìnà Akínwùmí Ambọ̀dé, tí í ṣe ọmọ Ẹ̀pẹ́, fọwọ́ sí òfin tí ó sọ kíkọ́ Yorùbá di dandan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní November 2025, wọ́n fagi lé e. Òfin a máa wá, òfin a sì máa lọ. Ṣùgbọ́n bí òfin tilẹ̀ dúró digbí, tí olùkọ́ wọ kíláàsì tí ó sì kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́wàá sí apá òsì pátákó, tí ó kọ "lójijì" sí apá ọ̀tún ní ìgbà mẹ́wàá, kí ni ọmọ náà kọ́? Ó kọ́ pé èdè ìyá òun kò tó nǹkan, olùkọ́ Yorùbá ni ó sì kọ́ ọ.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń béèrè. Lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ wa, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe fagi pupa lé ọ̀rọ̀-àpọ́nlé akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ nítorí pé ó dún bí ọ̀rọ̀ ilé; ẹ bi í léèrè ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá a lọ, kí ẹ sì fún un ní máàkì rẹ̀. Lọ́wọ́ àwọn atúmọ̀ èdè, kí "lójijì" dúró sí ipò rẹ̀, kí a máa lò ó fún ohun tí a kò retí, kí a sì bi ara wa léèrè bí ara ti ṣe kí a tó mú ohunkóhun mìíràn kọ sílẹ̀. Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ wa yìí, kí olúkúlùkù ọmọ ẹgbẹ́ mú ogún ọ̀rọ̀ wá láti ìlú rẹ̀ nígbà tí a bá lọ sí ọlidé tí a sì padà, pẹ̀lú àmì ohùn, pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń bá a rìn, pẹ̀lú gbólóhùn kan láti ẹnu ẹni tí ó lò ó. Èmi yóò mú ti Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wá, láti ẹnu àwọn apẹja, àwọn ìyá ẹlẹ́ja, àwọn awakọ̀ àti àwọn kọ̀ńdọ́.

Mo ti sọ tèmi. Ẹni tí ó bá ní èsì, àyè wà fún un nínú ìwé ìròyìn yìí. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe kọ ọ́ nínú yàrá rẹ̀ nìkan. Kí ó kọ́kọ́ dé èbúté, kí ó jókòó ti àwọn tí ń fa àwọ̀n, kí ó sì ka iye ìgbà tí wọn yóò sọ "lójijì" títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.